Fọ́tò ẹbí mì lórí tíráípọ́dì: ṣé stabilizer inú lẹ́ńsì ló ṣe é?

Àdùkẹ́Fọ́tò (Abẹ́òkúta), Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Sátidé tó kọjá, mo ya ìgbéyàwó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó kan fọ́tò ẹbí, mo gbé kámẹ́rà sórí tíráípọ́dì. Lẹ́ńsì 70-200 tòkunbọ̀ tí mo rà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo fi sí i, mo sì fà sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà kí gbogbo wọn lè wọlé. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ISO gíga (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ sí) ba àwọ̀ aṣọ òkè wọn jẹ́, ni mo bá fi ṣọ́tà sí 1/15 ìṣẹ́jú-àáyá. Rìmóòtù ni mo fi ń yà á, ọwọ́ mi ò kan kámẹ́rà rárá.

Mo délé, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, àyà mi já. Mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá ló mì. Lójú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, kò sóhun tó ṣe é. Bí mo ṣe fà á tóbi báyìí, etí gèlè ìyá ìyàwó di méjì. Màmá náà sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti àná.

Ẹni tó ta lẹ́ńsì náà fún mi ní, "Stabilizer wà nínú ẹ̀ o. Kódà bí o bá ń sáré, kò ní mì." Súìṣì stabilizer yẹn, ohun tó yẹ kó máa pa ìmì ọwọ́ rẹ́, wà ní ON látọjọ́ tí mo ti rà á. Ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ ni, àbí lẹ́ńsì yìí ti bàjẹ́?

BàbáOníyàrá-Òkùnkùn (Ìbàdàn), 9:31 àárọ̀

Pa á. Tíráípọ́dì àti stabilizer kì í sábà gbé ilé kan náà. Mo wà lóde, mò ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀.

ỌmọÌjẹ̀bú_Lẹ́ńsì, 9:40 àárọ̀

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má bínú sí mi o. 1/15 fún odidi ẹbí? Ọmọdé wà níbẹ̀, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún gèlè ṣe náà wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ló mì, kì í ṣe lẹ́ńsì.

Àdùkẹ́Fọ́tò, 9:52 àárọ̀

Ohun témi náà kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbélébùú igi kan wà lára ògiri lẹ́yìn wọn. Òun náà di méjì. Òdòdó orí pẹpẹ di méjì. Àwọn mẹ́ta tó dáa, fíláàṣì ni mo fi yà wọ́n, ní 1/200.

AtúnKámẹ́ràṢe (Ìkẹjà), 10:25 àárọ̀

Àgbélébùú yẹn ti jẹ́rìí. Bí èèyàn bá mì, èèyàn nìkan ló máa ṣe bàìbàì, ògiri á dúró sójú ẹ̀. Tí ògiri náà bá di méjì, ọwọ́ kámẹ́rà tàbí lẹ́ńsì ni ẹjọ́ wà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tú nǹkan wọ̀nyí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí nínú. Gyro kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń ṣọ́ bí lẹ́ńsì ṣe ń tẹ̀ sókè sísàlẹ̀, ìkejì ń ṣọ́ ọ̀tún àti òsì. Bí ọwọ́ yín bá fà sísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ta ọpọlọ inú lẹ́ńsì náà lólobó, òun á sì fi wáyà wíwé àti òòfà ti gíláàsì kan láàrin lẹ́ńsì, kí àwòrán lè padà sójú ẹ̀. Gíláàsì yẹn kò dúró lórí nǹkan tó le. Ó ń léfòó ni. Bẹ́ẹ̀, tí súìṣì bá ti wà ní ON tí ẹ sì tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ìmì wà, ì báà jẹ́ pé kò sí.

Lórí tíráípọ́dì, ìmì ọwọ́ ti tán. Ṣùgbọ́n gyro àwọn lẹ́ńsì àtijọ́ ò mọ̀. Ariwo kékeré tó wà nínú ara ẹ̀ ló máa kà sí ìmì, á ní kí wọ́n ti gíláàsì. Gíláàsì tó rìn yẹn á mi lẹ́ńsì. Gyro á tún gbọ́ ọ, á tún ní kí wọ́n ti i padà. Ó dà bí ẹni tó pariwo sínú kànga, tó gbọ́ ohùn ara ẹ̀, tó wá ń dá a lóhùn. Ní 1/200 ẹ ò ní rí i. Ní 1/15, ààyè wà fún un láti lọ, kó sì bọ̀. Etí gèlè méjì dé nìyẹn.

Àwọn tó ṣe é gan-an ò fi í pa mọ́. Canon ló kọ́kọ́ fi stabilizer sínú lẹ́ńsì tí èèyàn lè tú kúrò lára kámẹ́rà SLR, 75-300 IS ti ọdún 1995 (IS ni wọ́n ń pe stabilizer tiwọn), ìwé tó bá a wá sì sọ pé kí a pa á tó bá ti wà lórí tíráípọ́dì. Ọdún 1999 ni wọ́n kó àwọn gígùn tó gbówó lórí jáde, 300 f/2.8 dé 600 f/4, èyí tó lè mọ̀ pé òun wà lórí tíráípọ́dì. Ìwé Nikon 70-200 VR àkọ́kọ́ (VR ni Nikon ń pe tiwọn) náà ní kí ẹ pa á lórí tíráípọ́dì, àfi bí ẹ ò bá de orí tíráípọ́dì náà pa, tàbí bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan lẹ ń lò. Lẹ́ńsì yín ò bàjẹ́, Àǹtí. Ìwé ẹ̀ ni kò bá a wá.

Sadé_Ìdúmọ̀tà, 10:41 àárọ̀

Ta ló ń ra tòkunbọ̀ tó ń gba ìwé?

ỌmọÌjẹ̀bú_Lẹ́ńsì, 10:58 àárọ̀

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n jẹnẹ́rétọ̀ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kì í tan jẹnẹ́rétọ̀ ní Sátidé? Ilẹ̀ ń gbọ̀n, tíráípọ́dì náà ń gbọ̀n. Ṣebí ó yẹ kí stabilizer ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀?

AtúnKámẹ́ràṢe, 11:20 àárọ̀

Ìbéèrè gidi lo bi yìí. Jẹnẹ́rétọ̀ kékeré ilé wa ń yí tó ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó lè fún wa ní iná 50 Hz. Ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Canon sọ pé ìmì tí IS tiwọn ń bá jà kò ju 0.5 Hz sí 20 Hz lọ: ọwọ́ èèyàn wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ àti hẹlikọ́pítà wà lókè. 50 Hz ti kọjá agbára ẹ̀. Ẹ gbé tíráípọ́dì jìnnà sí ògiri tí jẹnẹ́rétọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, kí ẹ má sì gbé e sórí pátákó. Stabilizer ò lè bá yín dá sí ìyẹn.

Fídíò_Alárìnká (Òṣogbo), 11:47 àárọ̀

Ẹ̀yin onífọ́tò ṣì ń gbádùn. Ẹ wá wo tiwa tí à ń ya fídíò.

Níbi ìgbéyàwó kan, ìyàwó wólẹ̀ síwájú bàbá àti ìyá ẹ̀, wọ́n ń súre fún un. Gbogbo ilé parọ́rọ́. Ohùn bàbá náà rọra ń jáde, omijé ti ń bọ̀. Máíìkì orí kámẹ́rà ni mo lò torí èyí tí mo so mọ́ aṣọ bàbá náà ti kú. Nígbà tí mo délé, mo gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ohùn bàbá: *gìrì... gìrì... gìrì*, bí eku tó ń họ páálí. Stabilizer lẹ́ńsì mi ni. Kò dákẹ́ títí àdúrà fi parí. Mo gbìyànjú láti yọ ọ́ kúrò, ohùn bàbá wá dà bíi ti ẹni tó wà nínú garawa.

Èkejì: tí mo bá fẹ́ rọra yí kámẹ́rà láti orí tábìlì àwọn àgbà dé ọ̀dọ̀ àwọn onílù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí yí, stabilizer rò pé ọwọ́ mi ló mì, ó dá àwòrán dúró. Nígbà tó yá tí gíláàsì ẹ̀ ti rìn dópin, tí kò ríbi lọ mọ́, ó jọ̀wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán fò gììrì. Tí mo bá tún fẹ́ dúró, ó tún kọjá díẹ̀ kó tó padà sẹ́yìn. Àwọn oníbàárà ò mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, fídíò yín ń fò." Orí tíráípọ́dì onífídíò ni mò ń gbé e báyìí, mo sì máa ń pa stabilizer kí n tó kúrò nílé.

BàbáOníyàrá-Òkùnkùn (Ìbàdàn), 1:15 ọ̀sán

Mo ti dé. Atúnṣe ti sọ ọ̀rọ̀ tíráípọ́dì, mi ò tún ní í sọ ọ́. Ohun tó ń dùn mí nínú stabilizer yàtọ̀ síyẹn. Ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbàgbé pé ọwọ́ ẹni tó di kámẹ́rà mú nìkan ló lè mú dúró. Kò lè mú ẹni tí à ń yà dúró.

Ọdún egúngún níbí, ọmọ iṣẹ́ mi kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi. Egúngún alábala jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí, aṣọ ara ẹ̀ fẹ̀ bí agbòòrùn ńlá. Èmi àti ọmọ náà ń lo 200mm. Èmi fi ISO sókè, mo lo 1/640. Òun ní stabilizer òun ń fúnni ní stop mẹ́ta (stop kan ń sọ àkókò ṣọ́tà di ìlọ́po méjì), ni ó bá wá sí 1/25. Ìṣírò ẹ̀ ò burú: òfin àtijọ́ ní kéèyàn lo 1/200 fún 200mm, stop mẹ́ta sísàlẹ̀ sì ni 1/25. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí i. Ilé tó wà lẹ́yìn egúngún náà mú gedegbe, èèyàn lè ka ìlà ara páànù orí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Egúngún fúnra ẹ̀ wá dà bí àmàlà tí wọ́n ń rò lọ́wọ́. Mo ní, "Ilé lo lọ yà, o ò ya egúngún."

Ó bínú sí mi fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ó ń lo 1/500 sókè báyìí.

OlóòtúẸṣin (Ìjẹ̀bú-Òde), 1:38 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun. Tiwa ní Ojúde Ọba tún ní ọ̀nà mìíràn. Tí mo bá fẹ́ kí ẹṣin mú, kí ilẹ̀ àti èrò lẹ́yìn ẹ̀ sì fà gbọọrọ, mo máa ń lo bíi 1/60, màá sì bá ẹṣin náà yí láti ọ̀tún sí òsì. Lẹ́ńsì tí súìṣì ẹ̀ ní 1 àti 2, 2 ni kí ẹ fi sí: kò ní bá ibi tí ẹ ń yí sí jà mọ́, ti òkè-sísàlẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣọ́. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ní irú ẹ̀, 1 ni mo fi sí. Mi ò rí ẹṣin kan gbé wálé.

Sadé_Ìdúmọ̀tà, 1:44 ọ̀sán

Bátìrì náà ńkọ́? Tí mo bá tan stabilizer látàárọ̀, mo máa ń pààrọ̀ bátìrì kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde. Ẹ tún wo bí kò ṣe ń dúró lójú ẹsẹ̀: tí mo bá tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, àwòrán á kọ́kọ́ fò kó tó dúró, ó tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó tó dúró, ọmọ ti ju bọ́ọ̀lù tán.

Alàgbà_Yashica (Ẹdẹ), 3:02 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Mo ti lé ní ọdún méjìdínláàádọ́rin, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo lè mú kámẹ́rà dúró ní 1/30 láìmí. Ní báyìí, 1/250 gan-an ń mì lọ́wọ́ mi nígbà mìíràn. Stabilizer ló dá iṣẹ́ mi padà fún mi. Tí ẹ bá ní kí wọ́n má ṣe é mọ́, ẹ ti lé mi kúrò níbi òde nìyẹn. Ẹ rọra máa bú u.

BàbáOníyàrá-Òkùnkùn, 3:10 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò bú u. Ẹ má bínú. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, òògùn gidi ni. Àwa ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń lo òògùn nígbà tí kò ṣàìsàn.

Alàgbà_Yashica, 3:17 ọ̀sán

Ìyẹn dára. Ẹ jẹ́ n wá fi tèmi kún un, torí èmi náà ní ẹ̀dùn. Ó wúwo. Nikon 24-70 f/2.8 àtijọ́, 900 gíráàmù ni. Nígbà tí wọ́n fi VR sí i ní 2015, ó di 1,070 gíráàmù, ojú ẹ̀ sì fẹ̀ láti 77mm di 82mm. Gbogbo fílítà 77 tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà pípẹ́ di ohun tí mo kó fún ọmọ. Lọ́rùn arúgbó, 170 gíráàmù kì í ṣe eré.

Akin_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù), 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ilé o. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúrò lọ́dọ̀ lẹ́ńsì onístabilizer. Tó bá wà nínú lẹ́ńsì, gbogbo lẹ́ńsì tẹ́ ẹ bá rà lẹ ó tún san owó ẹ̀. Tó bá wà nínú kámẹ́rà, tí sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán fúnra ẹ̀ ń rìn, ẹ ti san án lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ńsì àtijọ́ bàbá yín náà á jẹ níbẹ̀. Konica Minolta ti ṣe é sínú kámẹ́rà 7D wọn láti 2004.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀yìn bàìbàì máa ń ráhùn sí. Gíláàsì tó rìn kúrò láàrin, kò sí lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Àwọn bọ́ọ̀lù iná ẹ̀yìn ìyàwó lè fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ. Kì í hàn lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá hàn, kọ̀ǹpútà ò lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀rín kún un: ní 2016, ọ̀gá kan ní Olympus sọ pé stop 6.5 ni òpin tí stabilizer lè dé, torí pé gyro ń gbọ́ yíyí ayé fúnra ẹ̀, ó sì ń kà á mọ́ ìmì ọwọ́. Nígbà tó di 2020, Canon gbé R5 jáde, wọ́n kọ stop 8 sára ẹ̀ pẹ̀lú àwọn lẹ́ńsì kan. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ayé ti dúró.

Dispatch_Ṣòmólú, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Èmi kì í ṣe onífọ́tò o, ọ̀kadà ni mò ń gùn, ẹrù ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ yín ló wọ̀ mí lára. Mo máa ń so fóònù mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà kí n lè máa wo máàpù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, kámẹ́rà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n fúnra ẹ̀. Tí mo bá ṣí kámẹ́rà, àwòrán á máa gbọ̀n rìrì bí ẹni tí ibà mú, ó tún ń dún *tẹ-tẹ-tẹ*. Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí ni?

AtúnKámẹ́ràṢe, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Òun gan-an ni, àbúrò. Gyro àti lẹ́ńsì tó ń léfòó wà nínú fóònù náà. Mi ò mọ irú fóònù tìẹ, àmọ́ ní oṣù kẹsàn-án 2021, Apple kìlọ̀ fáwọn oníbàárà wọn pé ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù alágbára lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́, pàápàá èyí tó bá ní stabilizer, kí wọ́n má so ó mọ́ ọwọ́ alùpùpù. Ti kékeré náà, wọ́n ní kí wọ́n fi ohun tó ń gba ìgbọ̀n mọ́ra sábẹ́ ẹ̀. Fi fóònù sápò. Fi íyáfóònù gbọ́ máàpù.

Lẹ́ńsì ńlá náà ò yàtọ̀. Ẹ̀rọ tó ń rìn pọ̀ nínú ẹ̀, ibi tó lè bàjẹ́ sì pọ̀. Èyí tí kò ní stabilizer, tó bá já bọ́, mo lè rí i tún ṣe. Èyí tó bá ní, tí gíláàsì tó ń léfòó bá ti yẹ̀, odidi apá yẹn ni màá pààrọ̀, owó ẹ̀ sì máa ń mú kí oníbàárà dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù tí ẹ bá mì í tó ń dún *kọlọ-kọlọ* nígbà tí kámẹ́rà wà ní pípa. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ẹ bá pa kámẹ́rà nígbà tí stabilizer ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìwé Nikon gan-an sọ pé kì í ṣe àìsàn: ẹ tan kámẹ́rà padà, yóò dákẹ́.

Àdùkẹ́Fọ́tò (Abẹ́òkúta), Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò sùn lálẹ́ àná. Mo lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, mo gbé lẹ́ńsì náà sórí tíráípọ́dì, 70mm, 1/15, rìmóòtù. Mo ya mẹ́wàá pẹ̀lú ON, mẹ́wàá pẹ̀lú OFF. OFF: mo lè ka lẹ́tà tó kéré jù nínú gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. ON: mẹ́fà di méjì-méjì, mẹ́rin mú dáadáa. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ká ní gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́, ǹ bá ti mọ̀ níbẹ̀.

Mo wá yọ ọ́ kúrò lórí tíráípọ́dì, mo fọwọ́ mú un, 1/15 kan náà. ON: mẹ́jọ dára. OFF: ẹyọ kan. Nítorí náà, Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní tà á.

Ní ti ẹbí, mo pe màmá ìyàwó, mo sọ òtítọ́ fún un. Mo fi àwọn mẹ́ta tí mo fi fíláàṣì yà ránṣẹ́. Àbúrò bàbá ọkọ di ojú nínú méjì, nínú ẹ̀kẹta ó ń wo fóònù. Màmá ní bó ṣe máa ń ṣe nílé náà nìyẹn, ó ní kí n tẹ èkejì jáde.

Ìbéèrè kan ló kù. Súìṣì yẹn rọ̀, tí mo bá ti lẹ́ńsì sínú báàgì, yóò ti padà sí ON fúnra ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Fídíò_Alárìnká, 8:34 àárọ̀

Ẹ fi téèpù aláṣọ dúdú tí à ń fi lẹ wáyà mọ́lẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Kì í fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù o, oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀ wọnú súìṣì.

Àdùkẹ́Fọ́tò, 8:36 àárọ̀

Àlejò wà nílé, mo ń bọ̀. Sẹ́lótéèpù ni mo lò láàárọ̀ yìí. Atúnṣe, ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n fi ń yọ gọ́ọ̀mù?